Ọjọ́ Tí Fágbèmí Da Àwọ̀n Sórí Òpópónà Ayọ̀

Ẹnu ló kó bá Fágbèmí. Mi ò ní bá a bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, nítorí gbogbo ará Orí-Omi ló mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n ń pín ọ̀rọ̀ sísọ, ọkùnrin yìí gba tirẹ̀, ó sì gba ti aládùúgbò mọ́ ọn. Apẹja ni. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ó ga, ó gbẹ, ohùn rẹ̀ sì lè ti etí òkun dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láìsí ẹ̀rọ kankan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá lọ gbé máìkì sí lẹ́nu! Ẹ̀yin náà ẹ gbà mí.

Àwọn ará tẹlifíṣọ̀n ni. Ẹ mọ irú ètò tí wọ́n fi ń wá iṣẹ́ tí ìjọba gbé síta kiri, èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé pé ó ti parí, ṣùgbọ́n tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí i. "Ó Dà?" ni wọ́n ń pe tiwọn. Àkúrẹ́ ni wọ́n ti wá, àwọn méjì péré: Ọlọ́lá, akọ̀ròyìn, ọmọbìnrin kúkurú kan tó jẹ́ pé tó bá bi ọ́ ní ìbéèrè tán, á kàn máa wò ọ́ títí wàá fi sọ èyí tí o kò fẹ́ sọ, àti Tóbilọ́ba tó ń gbé kámẹ́rà, ọ̀dọ́kùnrin tí kì í sọ ju "ẹ sún sí ọ̀tún díẹ̀" lọ. Wọ́n wọ bóòtù ní Igbókọ̀dá, wọ́n gba ojú odò já sí etí òkun, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ògiri òkúta làwọn bá wá.

Ẹni tó bá ti dé Àràròmí rí, tàbí tó lẹ́bí ní Abẹ́rẹ́kẹ̀, kò nílò kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ròyìn ohun tí òkun ń ṣe fún un. Òpópónà mẹ́ta ni Orí-Omi ní tẹ́lẹ̀. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, òkun gbé ti iwájú, Òpópónà Ayọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ogójì ilé ló lọ. Gbogbo ìlú sá lọ sí Igbókọ̀dá, wọ́n lo oṣù márùn-ún gbáko níbẹ̀ kí wọ́n tó padà wá bá òpópónà méjì tó kù. Inú oṣù márùn-ún yẹn gan-an ni kọ́ńpìnnì agbaṣẹ́ṣe kan ní àwọn fi ọkọ̀ ńlá kó òkúta wá láti ojú agbami, tí àwọn tò ó sórí ibi tí Òpópónà Ayọ̀ wà, láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kó lè máa fọ́ agbára ìgbì. Wọ́n ní gíga rẹ̀ tó ti ènìyàn tó nàró. Wọ́n ní omi ló bò ó tí ojú kò fi rí i. Nínú ìwé ìjọba, iṣẹ́ ti parí pátápátá. Bẹ́ẹ̀ òkun kò dáwọ́ dúró o, òpópónà kejì ló ń jẹ lọ́wọ́ báyìí.

Ọlọ́lá wá na máìkì sí Fágbèmí níwájú gbogbo ìlú. "Bàbá, wọ́n ní òkúta wà lábẹ́ omi níbẹ̀. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kò sí?"

"Báwo ni mo ṣe mọ̀?" Fágbèmí ti fìlà sẹ́yìn. "Ọma mi, èmi ni wọ́n ń bi báwo ni mo ṣe mọ̀! Ojoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá ni mò ń da àwọ̀n síbẹ̀. Ojoojúmọ́! Àwọ̀n mi ń fẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí òkúta bá wà níbẹ̀, ṣé ẹ ó bá àwọ̀n lọ́wọ́ mi? Ó ti di àkísà tipẹ́! Ẹ lọ sọ fún wọn, ẹ ní Fágbèmí ló wí bẹ́ẹ̀!"

Áà, ariwo sọ. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, àwọn ọkùnrin ń kan sáárá sí i, "Fágbèmí! Fágbèmí!" Ọlọ́lá gan-an ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ohun tó ti ń wá tipẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò pàtẹ́wọ́. Happiness ni, ìyàwó rẹ̀, tó jókòó sídìí àwọ̀n, tó ń fi abẹ́rẹ́ onígi dí ojú ibi tó já. Ó kàn gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀, ó sì tún gbé e sílẹ̀.

Nítorí irọ́ ni. Irọ́ funfun báláú.

Nígbà tí òkun gbé Òpópónà Ayọ̀, kì í ṣe ilé nìkan ló gbé. Sàréè àwọn òbí wà níwájú ilé wọ̀nyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti padà dé, kò sí apẹja Orí-Omi kankan tó ń da àwọ̀n síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe é lófin, kò sì sẹ́ni tó tàpá sí i. Ta ló fẹ́ máa wọ́ òjé tó ń fa àwọ̀n rì kọjá lórí ìyá tó bí i? Tí ọkọ̀ bá débẹ̀, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi àjẹ̀ wà á kọjá jẹ́jẹ́, ẹnu gbogbo wọn á sì pa mọ́ títí wọ́n á fi kọjá. Ìyá Fágbèmí fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, lábẹ́ fèrèsé ilé ọmọ rẹ̀. Fágbèmí tó ń fọwọ́ sọ̀yà níwájú kámẹ́rà kò da àwọ̀n kankan síbẹ̀ rí. Inú ló ń bí i, ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀, àwọn ènìyàn ń wò ó, ló bá sọ ọ́.

Oṣù méjì kọjá. Ó ti ń gbàgbé. Àfi bí Ọlọ́lá ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú bóòtù lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, òun àti Tóbilọ́ba, ojú rẹ̀ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kà á fún wọn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì.

Kọ́ńpìnnì ti gbọ́ pé ètò náà máa jáde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n ní àwọn ní àwòrán iṣẹ́, àwọn ní ìwé. Wọ́n ní bàbá kan ń pariwo pé ojoojúmọ́ lòun ń da àwọ̀n sórí ògiri àwọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀, kó wá dà á lójú ẹnjiníà àwọn. Tí kò bá lè dà á, tàbí tí àwọ̀n bá kọ́ òkúta, ilé ẹjọ́ ni àwọn àti tẹlifíṣọ̀n ti máa pàdé.

"Bàbá," Ọlọ́lá ní, "ọ̀gá mi ti sọ ọ́ fún mi. Orí ọ̀rọ̀ yín ni gbogbo ètò yìí dúró lé. Ẹlòmíràn ní òun ò rí òkúta. Ẹ̀yin nìkan lẹ ní ẹ ń fọwọ́ kan ilẹ̀ ibẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ yín bá yẹ̀, wọn ò ní gbé e jáde. Kò sì sẹ́ni tó tún máa wá béèrè ògiri yín mọ́."

Gbogbo ojú yí sí Fágbèmí. Ó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé àsìkò tó yẹ kóun sọ òótọ́ nìyí. Ó la ẹnu. Ẹ sì wo ohun tó jáde:

"Ẹ pe ẹnjiníà náà wá! Ọ̀la ni! Ẹ ní kó wọṣọ tó lè tutù!"

Ariwo tún sọ. Kí la ó ti ṣe ọkùnrin yìí sí?

Nígbà tí wọ́n délé, Happiness gbé púpurú àti ọbẹ̀ ẹja síwájú rẹ̀, ó jókòó tì í, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Bàbá Ṣèyí."

"Hẹn."

"Ojoojúmọ́?"

Ó ń wo oúnjẹ. Kò lè jẹ ẹ́.

"Mo ní ojoojúmọ́ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ wí? Èmi tí mò ń dí àwọ̀n yìí, mi ò mọ ibi tó ń lọ?"

"Happiness, kò sí òkúta níbẹ̀. Ìwọ náà mọ̀."

"Mo mọ̀? Igbókọ̀dá ni mo wà fún oṣù márùn-ún. Igbókọ̀dá lẹ̀yin náà wà. Ta ló rí wọn tí wọn ò wá? Ta ló rí wọn tí wọ́n wá?"

Ohun tó ń jẹ Fágbèmí lọ́kàn gan-an nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé wọ́n kó òkúta náà wá lóòótọ́ ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé òkúta kò ràn wọ́n lọ́wọ́ ni, kì í ṣe pé kò sí? Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Gbogbo ariwo tó ti ń pa láti oṣù méjì, kò mọ̀!

Àwọ̀n náà sì tún wà nílẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù fún un. Èyí tó gùn, tó ní òjé kíkún, tí Happiness ti fi oṣù mẹ́rin tò lójú-lójú. Ìgbà ẹja ṣáwá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Tí àwọ̀n yìí bá fà ya lórí òkúta lọ́la, ìgbà ṣáwá á dé, á bá wọn níbi tí wọ́n ti ń wo àwọn ẹlòmíràn, á sì lọ. Wọn ò ní rí nǹkan kan yan, wọn ò ní rí nǹkan kan tà.

"Mo lè lọ sọ fún ọmọbìnrin yẹn báyìí," Fágbèmí wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Kí n ní mo parọ́."

Happiness ronú. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀ ni, Ọlọ́run mọ ìdí tó fi so wọ́n pọ̀. "Tẹ́ ẹ bá sọ fún un báyìí, kò ní sí ẹni tó máa da àwọ̀n náà síbẹ̀ láéláé," ó ní. "A ó kú, a ò sì ní mọ̀. Ẹ jẹun. Èmi náà ń bá yín lọ lọ́la."

"Ìwọ? Nínú ọkọ̀ àwọ̀n?"

"Àwọ̀n tèmi kọ́?"

Ó jẹun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ìlú ti wà létí òkun. Ẹ ò bá rò pé ọdún ìkórè ni! Àwọn ọmọdé gun orí ọkọ̀ tó dojú dé, àwọn ìyá gbé àpótí ìjókòó dání. Ẹnjiníà Báyọ̀ dé pẹ̀lú bóòtù kọ́ńpìnnì, ọkùnrin kan tó mọ́ tónítóní, ó wọ ẹ̀wù pupa tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ó di ẹ̀rọ kékeré kan tó ń sọ ibi téèyàn wà lórí omi mú. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí Fágbèmí. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Ọmọlúàbí ni. Ìyẹn gan-an ló ń bí àwọn ará ìlú nínú, nítorí ẹni tí wọ́n fẹ́ bú ni wọ́n ti múra sílẹ̀ fún.

Ọkọ̀ méjì ni wọ́n lò, ọ̀kan di etí àwọ̀n kan mú, èkejì di èkejì mú, kí wọ́n lè jọ máa fà á lọ kí òjé máa wọ́ nílẹ̀. Nínú ti Fágbèmí, Olówòkéré ló wà nídìí ẹ́ńjìnnì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ajórin tó máa ń pẹja tí iṣẹ́ irin bá dá. Happiness jókòó sórí òkìtì àwọ̀n. Ọlọ́lá, Tóbilọ́ba àti ẹnjiníà wà láàárín. Omi ti fà sẹ́yìn, ó ti lọ sílẹ̀ gan-an, bó ṣe yẹ kó rí.

Wọ́n yára lọ, afẹ́fẹ́ ń gbá wọn lójú, ariwo etí òkun ń tẹ̀ lé wọn. Orí Fágbèmí ń wú. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ẹ̀rù ń ba òun. Àfi bí ẹ́ńjìnnì ṣe dákẹ́ lójijì.

Olówòkéré ló pa á. Wọ́n ti dé orí Òpópónà Ayọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, bó ti ń ṣe láti ọdún mẹ́fà. Lọ́kọ̀ kejì náà, wọ́n pa tiwọn. Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n sì fa àjẹ̀ yọ.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Ẹnjiníà Báyọ̀ béèrè. "Ṣé ẹ́ńjìnnì bàjẹ́ ni?"

"Rárá o," Olówòkéré dáhùn, tọkàntọkàn, "a kì í tan ẹ́ńjìnnì níbí ni."

"Kí ló dé?"

"Àwọn òkú wa wà nísàlẹ̀. A kì í pariwo, a kì í da àwọ̀n..."

Ó gbọ́ ohun tó ń ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ti bọ́!

Ẹnjiníà rọra yí sí Ọlọ́lá. Kò tilẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín, àǹtí. Wọn kì í da àwọ̀n níbí. Mo rò pé a lè máa padà lọ."

Ojú Ọlọ́lá wálẹ̀. Ó wo Fágbèmí, kò bi í ní ohunkóhun, ó kàn ń wò ó. Tóbilọ́ba fẹ́ sọ kámẹ́rà kalẹ̀.

"Má sọ ọ́ kalẹ̀!" Fágbèmí pariwo. "Gbé e sókè, kọjú rẹ̀ sí mi. Sún sí ọ̀tún díẹ̀, ìwọ náà!" Ó ṣí fìlà. Irun orí rẹ̀ funfun ju bí èèyàn ṣe rò lọ. "Mo parọ́. Ojoojúmọ́ tí mo wí, mi ò dà á síbí lọ́jọ́ kan rí. Ìyá mi ń bẹ nísàlẹ̀ ibí. Inú ló bí mi ni mo fi sọ ọ́, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ yìí tí mo fẹ́ kó bá. Ṣùgbọ́n mo ti dé. Àwọ̀n mi ti dé. Ẹnjiníà, ẹ ní òkúta wà níbí. Èmi ò mọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ò fojú rí i. Ẹ jẹ́ ká jọ mọ̀ ọ́n lónìí."

Ẹnjiníà wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó wo omi. "Àwọ̀n yín ló máa ya o, Bàbá."

"Kó ya!"

Fágbèmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ti ọwọ́ bọ omi dé ìgúnpá. "Màmá," ó wí jẹ́jẹ́, "ẹ má bínú. Mò ń bọ̀ wá kọjá lórí yín. Ẹ fojú fò mí lónìí." Ó dìde. "Olówòkéré, tan án!"

Wọ́n da àwọ̀n. Ó ń yọ́ wọlé, fóòmù funfun tó ń gbé e léfòó ń tò lórí omi lẹ́yìn ara wọn, òjé ń rì lọ sísàlẹ̀. Ọkọ̀ méjèèjì gbéra. Okùn le. Fágbèmí gbé àtẹ́lẹwọ́ lé okùn bí dókítà tó ń wo ọrùn ọwọ́ aláìsàn, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí òjé ń sọ nísàlẹ̀. "Ẹrẹ̀ ni," ó ní. "Ẹrẹ̀. Iyanrìn. Ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ń yọ̀ lọ o! Ó ń yọ̀ lọ!"

Ìdámẹ́ta òpópónà kọjá. Àwọn ará etí òkun bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ lórí iyanrìn, wọ́n ń ju aṣọ sókè. Ọlọ́lá ti dìde dúró nínú ọkọ̀, Happiness ní láti di yẹ̀rì rẹ̀ mú kó má baà ṣubú sómi. Ó kù díẹ̀ kó dé ìdajì. Fágbèmí ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀, kò mọ̀ bóyá ti òkun ni tàbí ti ara rẹ̀.

Gàù!

Ọkọ̀ dúró. Gbogbo wọn ṣubú lu ara wọn. Okùn na gbọnrangandan, etí ọkọ̀ tẹ̀ sápá kan, omi ń wọlé. "Pa á! Pa á!" Olówòkéré pa ẹ́ńjìnnì. Létí òkun, ariwo dákẹ́ bí ẹni fọwọ́ mú un.

Àwọ̀n ti kọ́. Ohun tó kọ́ náà le, kò mì.

Ẹnjiníà Báyọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ síwájú kámẹ́rà, ó ń mí gúlegúle, ara tù ú. "Ẹ wò ó. Ẹ bá mi yà á dáadáa. Ibi tí a wà yìí, àárín gbùngbùn ògiri náà ni. Kì í ṣe ọ̀tún, kì í ṣe òsì. Mo sọ ọ́ o! Ibi tí àwọ̀n kọ́ yìí gan-an ni òkúta wa wà!"

"Ṣé ó dá yín lójú pé ibí yìí gan-an ni?" Ọlọ́lá bi í. Iṣẹ́ niṣẹ́.

"Ó dá mi lójú ju bí orúkọ mi ṣe dá mi lójú lọ. Òkúta ló bo gbogbo ilẹ̀ ibí yìí mọ́lẹ̀, ó ga tó mi."

Fágbèmí kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti bọ́ ẹ̀wù, ó ti bẹ́ sómi. Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé! Happiness lọgun orúkọ rẹ̀. Ó di okùn mú, ó tọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀. Omi dúdú, ojú kò rí nǹkan kan, ọwọ́ nìkan ló lè fi mọ nǹkan. Ọwọ́ rẹ̀ kan irin. Irin rógódó, ó dúró lóòró. Ó fọwọ́ tọ̀ ọ́ sókè, ó bá apá gígùn kan. Ó tì í. Apá náà lọ sísàlẹ̀. Ó fà á, apá náà gòkè padà.

Nígbà tí orí rẹ̀ máa yọ lórí omi, igbe tó ké, mo gbọ́ pé wọ́n gbọ́ ọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Pọ́ǹpù! Pọ́ǹpù Ayọ̀ ni! Ó dúró síbẹ̀! Ó dúró síbẹ̀ gangan bó ṣe wà!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Kí òkun tó dé, pọ́ǹpù onífọwọ́fà kan ló wà láàárín Òpópónà Ayọ̀, omi rẹ̀ ni gbogbo ìlú ń mu. Ọjọ́ tí wọ́n ń sá, wọ́n tú pákó ilé, wọ́n kó òpó, wọ́n kó páànù, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi de pọ́ǹpù mọ́lẹ̀, wọn ò lè mú un. Gbogbo ènìyàn rò pé òkun ti gbé e lọ. Gíga rẹ̀ kò ju igbáàyà ènìyàn lọ.

"Ẹ gbọ́ ná," ẹnjiníà ní, "ó lè jẹ́ irin mìíràn..."

Fágbèmí ti padà sísàlẹ̀. Ó pẹ́. Ó pẹ́ débi pé Olówòkéré ti ń bọ́ ẹ̀wù. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ kan kọ́kọ́ jáde lórí omi, irin gígùn kan wà níbẹ̀, ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Apá pọ́ǹpù ni. Wọ́n fà á wọlé, wọ́n fa Fágbèmí náà wọlé, ó ń wúkọ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

Olówòkéré gba irin náà, ó fi àtàǹpàkò nu ìdí rẹ̀. "Ìyà jẹ mí," ó wí. "Èmi ni mo jó irin yìí. Ọdún tó ṣẹ́, mo fi irin ìtọ́kọ̀ bàbá mi tì í lẹ́yìn. Ẹ wo ibi tí mo ti jó o. Ẹ wò ó!" Ó na irin náà sí ojú kámẹ́rà, ó sì bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Ọlọ́lá yí sí ẹnjiníà. Kò pariwo. "Ẹ ní òkúta tó ga tó yín ló bo gbogbo ilẹ̀ ibí yìí mọ́lẹ̀, ní àárín gbùngbùn. Báwo ni pọ́ǹpù tó mọ níwọ̀n àyà ṣe ń mi apá lábẹ́ rẹ̀?"

Ẹnjiníà Báyọ̀ wo ẹ̀rọ rẹ̀. Ó pa á, ó tún un tàn, ó tún wò ó. Ibì kan náà ló ń sọ. "Ọdún méjì péré ni mo ní nílé iṣẹ́ yìí," ó ní nígbẹ̀yìn. "Ìwé tí wọ́n fún mi ni mo kà."

Létí òkun, wọ́n ti gbọ́. Ẹ wá wo ijó! Wọ́n ń pariwo "Pọ́ǹpù! Pọ́ǹpù!" bí ẹni pé ọba ló dé. Ọlọ́lá ti fi fóònù sétí, ó ń sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò sí ohun tó máa yẹ̀ ẹ́ mọ́, ó ń sọ ọ́ léraléra bíi pé ọ̀gá náà kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n omi ti ń padà wá, àwọ̀n ṣì wà nísàlẹ̀. Ó ti we mọ́ ìdí pọ́ǹpù, bí ọkọ̀ sì ṣe ń jó ló ń fún un. Fágbèmí fà á títí, apá rẹ̀ kò ká a. Ó wo Happiness. Ìgbà ṣáwá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Kò lè la ẹnu sọ ọ́, òun tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Happiness na ọwọ́ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Olówòkéré. Ó di àwọ̀n mú níbi tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí, ó sì gé e. Ó gé e lẹ́ẹ̀mẹta, okùn tó ṣẹ́kù já fúnra rẹ̀, ọkọ̀ sì gbéra sókè. Ìdajì àwọ̀n kù sísàlẹ̀.

"Màmá Ṣèyí," Fágbèmí wí. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí níwájú èèyàn.

"Ẹ dákẹ́ ná." Kò wo ọkọ rẹ̀, ó ń wo ojú omi, ó ń ka nǹkan kan sínú. "Olówòkéré, má tan ẹ́ńjìnnì. Fi àjẹ̀ wà á. Kọrí sí ìwọ̀ oòrùn. Díẹ̀ sí i." Láti ọjọ́ tó ti délé ọkọ ló ti ń pọn omi ní pọ́ǹpù yẹn, láàárọ̀ àti lálẹ́, oyún wà nínú rẹ̀, oyún kò sí nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjìlélógún ni láti ìdí pọ́ǹpù dé ilé wọn. Ọkọ̀ ń yọ́ lọ. Létí òkun, ijó ti ń rọlẹ̀, wọ́n ń wò wọ́n.

"Ibí nìyí. Dúró."

Olówòkéré fi àjẹ̀ dá ọkọ̀ dúró. Kò sí ohun kan níbẹ̀ ju omi lọ, ó rí bíi ti ibi gbogbo. Fágbèmí wo apá ọ̀tún, níbi tí fèrèsé ì bá wà, ó tún ṣí fìlà tó ti dé padà.

Happiness tún ìró rẹ̀ ró. Ó yí sí ẹnjiníà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ nínú ọkọ̀ bí a ti ń kí àlejò, ojú rẹ̀ kò sì fi ẹ̀fẹ̀ hàn rárá.

"Ẹ káàbọ̀ sílé wa, ọ̀gá. Pálọ̀ wa lẹ jókòó sí yìí. Ẹ má bínú pé mi ò se nǹkan kan sílẹ̀. Omi nìkan ló kù tí mo ní láti fún yín."

Ẹnjiníà Báyọ̀ wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé òun wọ bàtà wọ ilé onílé. Kò sẹ́ni tó ní kí Tóbilọ́ba pa kámẹ́rà.